Ẹni Tó Dákẹ́ Kò Tíì Gbà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kọkànlá 2025

Mo dé ilé Ìyá ní Ifangni lónìí pẹ̀lú Elétí lábẹ́ apá. Fìlà ni. Àwọn bọ́tìnnì irin kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ iná tín-ín-rín tó ń sáré nínú ọpọlọ èèyàn. Kò sí abẹ, kò sí ihò — orí lásán la ń dé e lé. Gracia àti èmi la jọ ṣe é ní yàrá iṣẹ́ wa ní fásitì Calavi. Gracia ní kí n má tíì gbé e jáde, pé kò tíì pé. Mo ní ìyá mi náà kò tíì kú.

Bí mo ṣe fi Ìyá sílẹ̀ ni mo bá a. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹnu, ó ti gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé wá kí i, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni pé àpò gààrí ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Ọjọ́rú, 5

Préfet wá. Bàbá Àlàó ti Banigbé ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Préfet, bíi gómìnà, torí àṣẹ ló máa ń pa. Ó ní òun máa gbé Ìyá lọ sí ilé òun ní Banigbé, kí ayálégbé lè wọ ilé yìí, àti àgbàlá tí Ìyá ti ń ṣe epo pupa. Epo yẹn ni Ìyá fi kọ́ ilé yìí! Mo ní kí a kọ́kọ́ bi í léèrè. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Fawziath, ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀, ẹbí ní í sọ̀rọ̀ fún un. Donc, ó ti tán."

Kò tíì tán. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbà, torí ó dá a lójú pé mo máa tẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Elétí dití. Láti àárọ̀, ariwo lásán ló ń kọ sójú kọ̀ǹpútà.

Jímọ̀, 7

Òrí ni! Tántì Sìdíkátù, àbúrò Ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀, ń fi òrí pa á lórí nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́ kí awọ orí má baà gbẹ. Òrí kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ irun náà, mo fọwọ́ ara mi dì í lákọ̀tun, kí àlàfo àárín dídì bọ́ síbi tí bọ́tìnnì ń jókòó. Inú Tántì ò dùn. Ó ní ìfẹ́ lòun fi ń pa á. Mo mọ̀. Ìfẹ́ náà ló dí i lẹ́nu.

Àìkú, 9

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Èèyàn ò ní gbé ọwọ́, ó kàn máa rò ó lọ́kàn pé òun ń gbé e. Ọ̀tún: bẹ́ẹ̀ ni. Òsì: rárá. Ọpọlọ á sọ ọ́, Elétí á gbọ́, ìlà kan á dìde lójú kọ̀ǹpútà.

Mo bi í pé ṣé èmi ni Fawziath. Ọ̀tún. Ṣé Cotonou la wà? Òsì.

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún bi í. Ó ń tàsé nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ sí i ju bó ṣe ń tàsé lọ. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ń gbọ́ gbogbo ìsọkúsọ wọn.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo rí ohùn rẹ̀ nínú foonu mi. Lọ́dún tó kọjá ló sọ ọ́ sórí WhatsApp fún oníbàárà kan ní Ìgolo, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè bá a rẹ́rìn-ín: "Bẹ́ẹ̀ ni, epo wà. Ẹ má bínú, rárá, mi ò ní tà á níye yẹn." Mo gé "bẹ́ẹ̀ ni" jáde, mo gé "ẹ má bínú, rárá" jáde. Tí ìlà bá dìde, ohùn ara rẹ̀ ni Elétí máa fi sọ ọ́; ohùn àjèjì kankan ò ní gbẹnu sọ fún ìyá mi.

Jímọ̀, 14

Mo tẹ́.

Préfet dé lẹ́yìn ìrun. Ó bi Ìyá bóyá ó mọ òun. Ìlà ọ̀tún dìde, ohùn Ìyá jáde: "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ta gìrì. Ó wá bi í pé ṣé ó máa bá òun lọ sí Banigbé. Kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Mo ní kó tún un bi. Ìlà méjèèjì sùn sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ti rí i? Ẹni tó dákẹ́ ti gbà." Ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má baà fọ́ nǹkan.

Àbámẹ́ta, 15

Préfet lọ tán, òsì tún ń dìde fún mi. Gracia ní lórí foonu pé ẹ̀rù Préfet ló ń ba Ìyá. Ẹ̀rù? Obìnrin tó ń kó epo kọjá lójú aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjì?

Àìkú, 16

Ọwọ́ ọ̀tún mi kún fún omi yíyọ̀ tí a ń fi sábẹ́ bọ́tìnnì, ni mo bá fi òsì na ṣíbí sí Tántì. Kò gbà á. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Ìyá ẹ kọ́ ló kọ́ ẹ nìyẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀dẹ̀ ni mí. Ọwọ́ òsì ni mo ní kí Ìyá nà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí baba rẹ̀! Èmi ọmọ rẹ̀, ó lè nà án sí mi. Kò lè nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kódà nínú ọkàn. Gbogbo ìwé tí mo kà ní fásitì, ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń wí. Àwọn tó kọ ọ́ ò ní ẹ̀gbọ́n ní Banigbé.

Mo bi í: "Ìyá, ṣé nítorí òsì ni?"

Ọ̀tún. Kíá.

Ìṣẹ́gun, 18

A ti fi òsì sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, tó bá jẹ́ rárá, ẹ rò ó pé ẹ ń kúnlẹ̀." Àárín àtàrí ni ọpọlọ ti ń darí ẹsẹ̀, mo tú irun ibẹ̀ kí bọ́tìnnì lè kan awọ orí. Ó rẹ̀ ẹ́. A sinmi, a tún bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìlà ẹsẹ̀ dìde.

Jímọ̀, 21

Ọkọ̀ dúró níta. Préfet ò jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé òsì ti kúrò níbẹ̀, pé tí Ìyá bá fẹ́ kọ̀, ó máa kúnlẹ̀.

"Ẹni tí ò lè jókòó ló fẹ́ kúnlẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ bi í."

Ó bi í. Kò sí nǹkan. Awakọ̀ fun fèrè níta. Tántì ti ń ká aṣọ Ìyá sínú báàgì, ó ń sunkún. Mo gbé ojú mi lé kọ̀ǹpútà, mo kọ̀, mi ò gbé e kúrò.

Ìlà ẹsẹ̀ dìde.

"Ẹ má bínú, rárá."

Préfet yíjú sí Ìyá, kì í ṣe sí kọ̀ǹpútà. Ó tún un bi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ohùn Ìyá tún un sọ. Ó yẹ kí ìlà náà ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ̀. Ó dúró gangan sókè. Mo rò pé Elétí ti bàjẹ́, àfi bó ṣe wá yé mi.

Mo ní, "Bàbá, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀."

Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká ìyá mi bí àgbà ṣe máa ń fọwọ́ kan ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dìde, Ràúfátù. Mo ti gbọ́."

Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Àlàó jáde lọ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ.