Àlàyé Tí Mo Ṣe fún Màmá Wa Nípa Àwọn Ìràwọ̀

                                        Ilé Alhaji Kareem,
                                        Ẹ̀yìn Jùbílì,
                                        Ìkàrẹ́-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. O kú òtútù ìlú òyìnbó, o kú iṣẹ́ ìwé, o kú àdágbé. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú nínú òtútù ti ń lọ sílẹ̀? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń kógbá sílé, ara màmá mi ti yá, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní fìsíìsì ṣì ń sá fún mi bí wọ́n ṣe ń sá fún pàṣán. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kí ọ yìí, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ mi nílé pé kí n bínú débi tí n kò fi ní kí ènìyàn.

Màmá rẹ, màmá wa ní Ọ̀kà, ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé o gba ẹ̀bùn ńlá lórí iṣẹ́ ìwádìí rẹ, pé ẹbí máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo pariwo ayọ̀ títí Hussain àbúrò mi fi sáré wọlé. Mùsùlùmí ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé yín tí n kò sí níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n pe ẹbí síwájú, màmá wa fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí, kí n bá àwọn jó. Mo gbé báàgì wọn dání, mo jó débi pẹpẹ.

Pásítọ̀ wá ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á débi tí o ti sọ pé nígbà tí o ń dàgbà nílé bàbá rẹ, ìpè ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ ló là ọ́ lóye nípa àwọn àgbájọ ìràwọ̀ jíjìnnà tó ń rán ìgbì rédíò sí wa. Rẹ̀mí, ilé bàbá rẹ wo? Ṣé ilé yín tó fara ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí agogo kì í jẹ́ kí ẹ sùn?

Ilé wa níbí ni, nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ tí o wá gbé lọ́dọ̀ wa. O jí, o ń kùn pé gbogbo mọ́sáláṣí òkèèrè ìlú yìí ló ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá, àwọn kéékèèké wà lọ́hùn-ún náà tí ladání wọn ń fi ẹnu lásán pè, ohùn wọn ni kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu lásán ni Álífà Zakariyya ẹ̀yìnkùlé wa fi ń pè, à ń gbọ́ ọ nítorí pé ó sún mọ́ wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbájọ ìràwọ̀ wọ̀nyẹn. Ìgbì tó ń dé bá wa lónìí ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ayé yìí tó wà, bí wọ́n ṣe rí láyé àtijọ́ là ń rí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ti àwọn alágbára nìkan ló ń dé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ṣírò àwọn tí kò rí, yóò rò pé alágbára ni gbogbo wọn nígbà náà. O fò dìde lórí ẹní, o dì mọ́ mi. Èmi ni mo ṣe ìṣirò náà, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, a sì fẹnu kò pé orúkọ àwa méjèèjì ló máa wà lórí rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Gẹ̀ẹ́sì náà kò yé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ni màmá wa bá yíjú sí mi: “Hafsoh, ẹ̀yin lẹ jọ kàwé. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá wa túmọ̀ ẹ̀. Kí ni Rẹ̀mí rí lójú ọ̀run ọ̀hún gan-an?” Kí ni kí n ṣe? Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ pásítọ̀. Mo sọ fún wọn pé bí a bá ṣírò àwọn tí a kò rí mọ́ ọn, àwọn àgbájọ ìràwọ̀ alágbára ṣì pọ̀ gan-an láyé àtijọ́, wọ́n sì ti dín kù jọjọ; àwọn tí kò lágbára ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń túmọ̀, tí mo sì ń dárúkọ rẹ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá wa nu ojú, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ní, “Ìwọ náà á ṣe tìẹ láìpẹ́. Ṣáà máa wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ ẹ.”

Mo délé, mo wá iṣẹ́ náà lórí fóònù. Orúkọ rẹ nìkan ni mo bá. Níbi tí o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pàápàá, o dárúkọ ẹni tó bá ọ tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìgbà yẹn ni èsì tí fásitì tí mo fẹ́ lọ gboyè ọ̀mọ̀wé fún mi lóṣù tó kọjá wá yé mi. Wọ́n ní ohun tí mo fẹ́ ṣe jọ iṣẹ́ ẹnì kan tó ti jáde, kí n ṣàlàyé ibi tí mo ti rí i kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn kò ní gbà mí. Èmi ni wọ́n ń fura sí pé mo jalè, Rẹ̀mí. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú ló fata sẹ́nu.

Ká ní ẹlòmíì ni, ǹ bá ti fariwo ta. Ìwọ ni o! Ìwọ tí màmá mi ń bu sààrì sílẹ̀ fún nínú ààwẹ̀, tí o kì í sì í gbààwẹ̀. O kó ọ̀rọ̀ mi, o tún kó àárọ̀ ilé wa mọ́ ọn. Ó dùn mí wọra.

Kọ̀wé sí fásitì náà, kí o sọ òtítọ́ fún wọn. Nítorí ọjọ́ tó ti lọ ni mo ṣe máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí màá fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. N kò tíì sọ fún màmá wa. Lánàá ni wọ́n tún pè pé kí n wá ṣe àlàyé náà fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Mo ní màá wá. Ṣáájú ọjọ́ náà, pè wọ́n, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí o kò bá pè wọ́n, èmi ni màá sọ ọ́ lójú wọn, n kò sì mọ bí wọn yóò ṣe gbé orí sókè láàrin ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá mi ní kí n kí ọ. Wọn kò tíì gbọ́. Hussain ti gbọ́. Òun kò kí ọ.

                                        Èmi ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀,
                                        Hafsoh Kareem.