Yàrá Tí Màmá Ní Kí Wọ́n Gbà fún Òun ní Dúálà

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó gbogbo wọn ní Òkè-Ọ̀dàn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Dúálà níbí. Déjì àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bí inú mi ò tilẹ̀ tíì yọ́ sí ọ tán. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Aṣọ tí mo sá lọ́jọ́ Àìkú ṣì tutù. Iṣẹ́ tíṣà ń lọ dáadáa, àmọ́ mi ò rí ẹni bá sọ Yorùbá lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fò sókè nígbà tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá kí wa ní Kamẹrúùnù.

Àfi ìgbà tí Déjì fi ìṣirò ìnáwó ìrìn àjò yín ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Làmídì tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ní Ìlaròó ló ṣe é, pé kì í ṣe ìnáwó olówó, kì í sì í ṣe ti tálákà, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Mo rí owó bàálù, mo rí mọ́tò àti dírẹ́bà, mo rí ọjọ́ ìgbafẹ́ létíkun Límbè. Mo wá rí hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀? Èmi tí mo nílé? Lẹ́yìn náà ni yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n ń béèrè ní pápákọ̀ òfurufú: owó káàdì wà níbẹ̀, mi ò rí owó abẹ́rẹ́. Mo ní olè rèé.

Nígbà tí a jáde nílé ìwé, mo gba hòtẹ́ẹ̀lì náà lọ. Mo rò pé ilẹ̀ òfìfo ni n ó bá. Hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Iye sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbí, tí obìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ pè bá ti Làmídì mu. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n yí ìfura mi sórí Déjì, pé òun ló ní kí wọ́n fi hòtẹ́ẹ̀lì kún un. Mo pè é, mo bi í pé kí ló fẹ́ rí jẹ nínú rẹ̀. Ó ń wúkọ́, ó ní kí n lọ bi Màmá. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Mo wá pe Làmídì fúnra mi. Lórí káàdì, ó ní gbogbo èèyàn ló ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Lórí hòtẹ́ẹ̀lì, ó búra pé ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú òun tí ẹ ní ẹ ò ní sùn nílé ọkọ mi. Ó ní obìnrin kan tó ti gbé Gàbọ́ọ̀nù rí ló sọ fún yín pé àwọn ọkùnrin ibí máa ń fi nǹkan sí oúnjẹ ìyá ìyàwó wọn, kó má baà mú ọmọ rẹ̀ padà sílé.

Háà, Màmá. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń bi mí lórí fóònù pé kí ni mo jẹ, ta ló sè é, mo rò pé ìkẹ́ ni.

Mo sọ fún Pọ́ọ̀lù ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ń fọ abọ́ tí a ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí a má yọ hòtẹ́ẹ̀lì kúrò, kí ara yín lè balẹ̀. Àwa méjèèjì tún ìṣirò náà ṣe: ẹ wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà Límbè dára, takisí ni a ó máa wọ̀ nígboro, ọjọ́ Límbè nìkan ni a ó háyà mọ́tò, ẹja yíyan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá títì dùn ju oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì lọ, kò sì wọ́n, kí a sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí àìsàn.

Déjì, má bínú. Mú Màmá lọ gba abẹ́rẹ́ gidi ní ọsibítù ìjọba, kí o sì dúró wò ó títí wọ́n á fi gún Màmá lábẹ́rẹ́. Mi ò fọkàn tán Làmídì.

Màmá, mi ò ní bá yín jà. Ẹ sùn níbi tó bá wù yín. Ẹ ṣáà wá jẹun lọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan. Inú abọ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú yín yóò ti jẹ ẹ́, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ bu òkèlè.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó fẹsẹ̀ ire dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni Fúnmi, ọmọ yín tó ń retí yín.