Àmì Ẹfun Ìdí Igbá

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín. Láti oríta Takie ni mo ti fẹsẹ̀ rìn wálé nírọ̀lẹ́ yìí, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ fi ń pè mí ní dókítà níwájú àwọn oníbàárà yín, títí obìnrin kan fi gbé orúnkún tó ń dùn ún wá bá mi. Ẹ ò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Ọ̀pá oníhò ni, ohun tó wà nínú èédú ni wọ́n fi ṣe é, ó sì tín-ín-rín débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wá èyí tí kò ní àbùkù. Bí ẹ ṣe máa ń fi ẹfun sàmì sí ìdí igbá tó bá lábùkù kí ẹ má baà fín in, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sàmì sí ìdí ìgò tèmi, tí mo sì ń da ohun inú rẹ̀ nù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé láti òkè òkun, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò wà. Gbogbo èyí tí mo kà sí dáadáa, kò sí èyí tó ṣe ohun tí a ń wá. Ìgò kan ṣoṣo tó ní ẹfun nídìí, tí mo kó mọ́ wọn láìmọ̀, òun ló ṣe é. Ojú àbùkù yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Irú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa fi gbé ọ̀rọ̀ àṣírí, kí a lè mọ̀ bí ẹlòmíì bá yọjú sí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí sáà ìwádìí mi tó parí, mi ò sì mọ bí mo ṣe ṣe é. Iná lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀pá inú ìgò náà sùn sínú kẹ́míkà di ọjọ́ kejì, inú bí mi, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ta ló ń kọ bí nǹkan ṣe bàjẹ́ sínú ìwé?

Ibẹ̀ ni mo ti rántí igbá tí ẹ fín kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún yín. Ọ̀bẹ yẹ̀, ó gba ara ẹyẹ tí ẹ ń fín kọjá. Èmi ni mo mú ẹfun, tí mo sàmì sí ìdí rẹ̀ lójú yín. Ẹ kàn ń nu ọ̀bẹ lára ṣòkòtò yín, bí ìṣe yín. Ṣé ó dùn yín? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Mo lọ sílé ní Ọ̀yọ́ ní Sátidé, mi ò bá yín nílé. Mo bá igbá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láàárín àwọn tí kò ṣeé tà. Bàbá, ẹ ti padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ. Ẹ ti sọ ibi tí ọ̀bẹ ti yẹ̀ yẹn di ẹ̀ka igi, ẹ fín ewé sí i lára, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ òsì lẹ fi fín in. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ní Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni màá pa iná. Màá fi ìgò náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, màá sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bóyá yóò ṣeé ṣe, mi ò mọ̀.

Igbá yín wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo ti nu ẹfun ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹ forí jì mí, ó pẹ́ kí n tó nù ún.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń wá ojú rere yín.