Ìyàwó Mi Ṣì Ń Gbóòórùn Ẹnu Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ifákọ̀ ni mò ń gbé.

Paraga ló jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní Oregun. Wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń sùn nídìí ẹ̀rọ. Mo ti fi ayé mi fún Jésù báyìí. Oṣù mẹ́jọ rèé, n kò fẹnu kan paraga. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbà relé, kí n má baà rí oníparaga. Síbẹ̀, ìyàwó mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ la ẹnu, ẹ mí sí mi."

Ó ti sú mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà sọ́dọ̀ oníparaga. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ní kó jáwọ́ ni, àbí kí n bẹ̀ ẹ́ kó má gbàgbé mọ́?