Owó Àìsàn Tí Kò Tíì Dé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Orí tábìlì yín ní ilé ìwòsàn wa ní Bajúláyé ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ ti lọ jẹun ọ̀sán, ilé sì pa rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rántí pé kò tíì lọ́kọ nígbà tí ẹ gbà á síṣẹ́. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Màmá wà dáadáa ní Ọbáníkòró. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ọmọ kì í ṣe dókítà ìyá rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí ilé ìwòsàn yín fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Láyé yín, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ẹ máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn lásán ni mo pè é. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí i pé ìdáhùn yẹn lẹ fi ń mọ ẹni tí ẹ máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ẹ máa ní kó rọra máa lọ sílé. Ẹlòmíràn á gbé iṣu wá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, ẹlòmíràn kò ní padà wá mọ́. Ẹ kì í sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn kò wọ́n nígbà yẹn bó ṣe wọ́n báyìí, epo jẹnẹrétọ̀ kò sì gbówó lórí tó báyìí. Mo gbìyànjú láti ṣe bíi tiyín fúngbà díẹ̀. Kò ṣeé ṣe.

Ni mo bá lọ forúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera. Òṣìṣẹ́ á wá, màá tọ́jú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ni yóò sanwó fún mi. Wọ́n ń san án lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tó bá wù wọ́n ni. Wọ́n á tún máa bèèrè ìdí tí mo fi yẹ ẹ̀jẹ̀ lágbájá wò, wọ́n á sì gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Oṣù kan wà tí mo yáwó lọ́wọ́ Màmá kí n tó lè san owó oṣù Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ̀wé pé mi ò bá wọn ṣe mọ́.

Ètò tí mo wá fi rọ́pò rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ á máa san iye kan náà lóṣooṣù, yálà ara wọn yá tàbí kò yá. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè wá rí mi láìsan kọ́bọ̀ mìíràn. Ibà, ikọ́, ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, gbogbo rẹ̀ wà nínú owó yẹn. Iṣẹ́ abẹ àti àyẹ̀wò ńlá nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Alhaja Sìkírá, aládùúgbò wa tó jẹ́ pé ìdílé wọn ló nilẹ̀ jù ní òpópónà yìí, ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí pé ibi tí wọ́n bá kọjú sí ni àdúgbò ń kọjú sí. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ọmọ Dókítà, o ní kí n máa san owó àìsàn tí kò tíì dé? Ṣé kí n máa ránṣẹ́ pè é ni?"

"Rárá o, Alhaja. Ẹ̀yin náà ṣáà ń dá àjọ."

"Àjọ á padà sọ́wọ́ mi. Tìẹ yìí, àfi kí n dùbúlẹ̀ kí n tó lè kó o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kó irú àjọ bẹ́ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ni Alhaja là mọ́lẹ̀. Oṣù náà parí, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ ló ní kí n fún ẹni tí ara rẹ̀ yá ní nǹkan. Mo bá kéde pé gbogbo ẹni tó bá ti sanwó kó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ ṣe é. A ó yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó wo ṣúgà ara rẹ̀ àti ojú rẹ̀, a ó wọn àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Alhaja gbọ́ ìyẹn, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá.

"Tó bá jẹ́ àlàáfíà ni mò ń sanwó fún, ìyẹn yàtọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n forúkọ gbogbo ilé wọn sílẹ̀. Àdúgbò tẹ̀ lé wọn.

Bàbá mi, wọ́n wá o! Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, ó wá. Ọkùnrin kan wá nítorí pé ó lálàá pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ ní àwọn tí ara wọn le yìí ló máa pa òun.

Ìyá Ràṣídì kò sí lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ó ń ta òkìrìká aṣọ ọmọdé ní Ládilak, ọkọ rẹ̀ sì ń tẹ̀wé nítòsí wa níbí. Mo ti bá ọkọ náà sọ̀rọ̀ ètò yìí, ó ní ara àwọn le, kí n lọ bá àwọn aláìlera. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà sáré wọlé tòun ti ọmọ lápá. Gìrì ti mú ọmọ náà. Àwọn tó wá fún àyẹ̀wò oṣù kún orí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n mo gba ọmọ náà wọlé lójú ẹsẹ̀. A fún un lóògùn, a fa omi sí i lára, ara rẹ̀ balẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń bèèrè bisikíìtì.

Nígbà tí mo jáde, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dìde dúró.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Àwa tí à ń sanwó lóṣooṣù la jókòó síbí, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ló wọlé ṣáájú wa. Kí gan-an là ń sanwó fún?"

"Tíṣà, ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le jù ló ń ṣáájú. Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe."

"Ọmọ tèmi ti sanwó ní tirẹ̀."

Nígbà tí oṣù yí, tíṣà náà àti ìdílé rẹ̀ kò san mọ́. Àwọn kan sì bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí gìrì mú ọmọ náà ni Bàbá Ràṣídì wá, owó oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀, yíǹkì ìtẹ̀wé ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ wa sí i, Dókítà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti àná."

"Kò lè bẹ̀rẹ̀ láti àná, Bàbá Ràṣídì. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ yín báyìí, gbogbo èèyàn ni yóò dúró dìgbà tí àìsàn bá dé. Ẹ máa san owó ìtọ́jú ọmọ yìí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá bá wa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Ó wò mí títí. "Dókítà àgbà ò lè ṣe báyìí sí mi láéláé."

Ó ki owó rẹ̀ bọ àpò, ó lọ.

Ṣé òótọ́ ló sọ, Bàbá? Ṣé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Mo bi Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ tó mọ̀ yín jù mí lọ nídìí iṣẹ́ yìí, ó ní òun ń fọwọ́ lọ́wọ́. Mo rò pé ọkùnrin náà jàre. Mo sì rò pé èmi náà jàre. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lọ́kàn mi títí dòní.

Ìyàwó rẹ̀ ló padà wá fúnra rẹ̀. Ó san owó ìtọ́jú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀, láti inú òkìrìká rẹ̀. Ọjọ́ tó san án tán ló ní kí a kọ orúkọ òun sílẹ̀.

"Èmi àti àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ o, Dókítà. Ẹ má kọ bàbá wọn. Òun lara rẹ̀ le."

Èmi, òun àti Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọkọ rẹ̀ ti ń kí mi báyìí, ṣùgbọ́n láti òdìkejì títì ni.

Àwọn tí kò ní rárá ṣì ń wá, mo sì ń tọ́jú wọn. Owó àwọn tó ń san ló ń gbé wọn. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń san, kí wọ́n má baà ní mo tan àwọn jẹ. Àwọn kan kùn. Púpọ̀ nínú wọn kò kùn. A kò lówó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ ń gba owó oṣù rẹ̀ lásìkò.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kankan kò wá. Ọ̀run mọ́, ọ̀nà dá, kò kàn sí ẹni tó ń ṣàìsàn ni. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mo ra àgbàdo sísun, a jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, à ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí ara gbogbo wọn yá. Ọkàn mi balẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó balẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ léra wọn, ẹran inú ọbẹ̀ á kéré. Bí a bá kúnlẹ̀ gbàdúrà lálẹ́, Màmá á ní kí Olúwa rán èèyàn sí ilé ìwòsàn wa. Gbogbo wa á ṣe àmín, àfi ẹ̀yin. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo la ojú wò yín, mo rí i pé ẹ̀yin náà la ojú, ẹ sì pa ẹnu mọ́. Mo rò pé àdúrà ló sú yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó oṣù ti wà nílẹ̀, àwọn tó san án sì wà nílé wọn láìsí ohun tó ń ṣe wọ́n. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ṣàìsàn ká tó jẹun. Ṣé àdúrà pé kí ẹlòmíràn ṣàìsàn kí a lè jẹun ni ẹ kò fẹ́ ṣe àmín sí, Bàbá?

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín tó ń jókòó lórí àga yín, tí ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.