Búlọ́ọ̀kù Méjì Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2025
Èmi àti Zachariah ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgbó-Ọrà. Ọdún méjì rèé tí àyà ti ń ta á lẹ́yìn oúnjẹ, tó ń mu àgbo lórí àgbo. Nọ́ọ̀sì Keturah ní omi kíkan inú ikùn ló ń padà gun ọ̀fun rẹ̀. Kó dín ata àti epo kù. Kó má jẹun tán kó dùbúlẹ̀ — ó kéré tán, kó dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ká gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi ìrọ̀rí, kí orí rẹ̀ lè ga ju ikùn lọ. Tí ìrora bá sì wọ apá, ká sáré padà wá.

Lórí ọ̀kadà tá a gbé bọ̀ wálé, ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n má sọ pé ọkùnrin bíi tòun ń sá fún ata. Mo gbà. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Èmi àti Tómilọ́lá ọmọ wa la gbé búlọ́ọ̀kù méjì náà wọlé. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ó ti sun oorun ọjọ́ márùn-ún láìjẹ́ pé àyà ta á. Kò dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Adájọ́ — bí mo ṣe ń pe Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nìyẹn, torí kì í gbọ́ ẹjọ́ kó tó dá a — ń sọ kiri Ìdèrè, ìlú wa, pé mò ń febi pa àbúrò òun. Nítorí mo ní kó máa jẹ láfún kí ilẹ̀ tó ṣú! Ọkọ mi gbọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Adájọ́ wọ yàrá wa láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ yá ẹní. Ó rí búlọ́ọ̀kù. Kí n tó dé láti odò, ẹbí ti pé. Wọ́n ní oògùn wà nínú rẹ̀ tí mo fi di ọkọ mi mọ́lẹ̀. Wọ́n fọ́ méjèèjì lójú mi kí wọ́n lè rí ohun tí mo fi sínú wọn. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn.

Bàbá Ògúntọ́lá, àgbà ilé, bi ọkọ mi bóyá ó mọ̀ sí i. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ nípa búlọ́ọ̀kù kankan. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń sè fún un.

Adájọ́ ro láfún fún un, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wọn. Wọ́n lọ, ó sùn gbalaja.

Kò pẹ́ tó fi wá bá mi nídìí àwo tí mò ń fọ̀, ó di àyà mú. Ó ní, “Ìyá Tómi, jọ̀ọ́, bá mi wá búlọ́ọ̀kù míì.”

Mo ní èmi náà ò mọ̀ nípa búlọ́ọ̀kù kankan.