Ohùn Mi Nínú Orin Wọn

“Orin mẹ́tàlì wa yóò mi gbogbo ayé tìtì.” Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ní Bomo, lókè Ọya níhìn-ín, ló sọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, fèrèsé mi nìkan ló mì.

Nígbà tí mo lọ sí Ìlọrin, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orin náà sílẹ̀ nínú yàrá. Bí mo ṣe dé, ó ní, “Bàbá, na gode, ẹ ṣé o! Ẹ ti bá wa gbè é dáadáa.” Ó tan orin náà, mo tẹ́tí. Ohùn mi ni, láàárín ariwo gìtá: “Mo ti gbọ́, mo ń bọ̀.”

Ìyá mi máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí kì í pẹ́ kú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé irọ́ ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni mo dá lóhùn?